Ìwé Ilé Ìwòsàn: Ṣé Bí A Ṣe Kọ Ọ́ Náà Ni Ó Rí?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ẹ̀fọ́rí, kì í ṣe ti inú rírun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ni: káàdì, fáìlì, àti ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ yín sí ní ilé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ìwé yẹn ni ìjọba fi ń mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí yóò fi ránṣẹ́ sí àdúgbò yín. Òun náà ni àwọn olùwádìí ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé àrùn kan ń pọ̀ sí i tàbí pé ó ń rọlẹ̀. Bí ìwé bá purọ́, ọmọ wa ni yóò jìyà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú máa ń bí ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa ní dìsípẹ́ńsárì. Ara ọmọ ń gbóná lẹ́yìn yín, ẹ ti ń tò láti àárọ̀, nọ́ọ̀sì kò sì tí ì fọwọ́ kan ọmọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: “Kí ni orúkọ rẹ̀? Ọjọ́ wo ni ẹ bí i? Àdúgbò wo ni ẹ ń gbé? Ṣé ó ti wá síbí rí? Káàdì rẹ̀ dà?” Ìyá àgbà kan bi mí rí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ìwé ni yóò wo ọmọ yìí sàn ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá wọn lóhùn pé, “Ìyá, oògùn ni yóò wo eléyìí sàn, ṣùgbọ́n ìwé ni yóò jẹ́ kí oògùn wà nílẹ̀ de èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa: ohun tí a kọ sínú ìwé yẹn, ṣé òótọ́ ni? Ta ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, báwo ni ó sì ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Èyí ni mo fẹ́ là yé yín.

BÍ ÌWÉ ṢE Ń RÌN

Bí ẹ bá gbé ọmọ wá, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì, a ó tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí a ń pè ní rẹ́jísítà. Bí a bá fún un ní abẹ́rẹ́, a ó fa ìlà kan sórí ìwé tí a fi ń ka iye àwọn ọmọ. Ní òpin oṣù a ó ka àwọn ìlà náà, a ó kọ àpapọ̀ wọn sí ìwé ìròyìn oṣù, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, sínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní DHIS2, níbi tí àwọn ti ìpínlẹ̀ àti àwọn ti Àbújá ti lè rí i.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀nà náà tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí aláìsàn bá ti lọ sílé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì káàdì yóò ka fáìlì rẹ̀, yóò sì fún àìsàn náà ní nọ́ńbà láti inú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, kí ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni àìsàn kan náà yóò máa jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilẹ̀ Brazil.

Ẹ wò ó, láti ẹnu ìyá ọmọ títí dé inú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Bí ọ̀kan nínú ọwọ́ wọ̀nyí bá ṣì í kọ, gbogbo àwọn tí ó wà lókè ni yóò gbé àṣìṣe náà rù láìmọ̀.

Ohun mìíràn sì wà. Kì í ṣe nítorí ìwádìí ni a ṣe ń kọ ìwé ilé ìwòsàn. A ń kọ ọ́ kí dókítà lè mọ ohun tí a ṣe fún aláìsàn lánàá, kí akápò lè mọ iye owó tí yóò gbà, kí a sì lè béèrè oògùn tuntun. Olùwádìí tí ó bá mú ìwé yìí lò dà bí ẹni tí ó yá aṣọ tí a rán fún ẹlòmíràn. Aṣọ náà lè bá a mu, ó sì lè fún un jù. Ó ní láti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá kí ó tó gbé e lọ sóde.

OHUN TÍ ÌWÉ FI HÀN NÍ VIENNA, ÀTI OHUN TÍ Ó FI PAMỌ́

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, nítorí níbẹ̀ ni a ti rí i kedere pé ìwé ilé ìwòsàn lè gba ẹ̀mí là. Ilé ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà nínú ilé ìwòsàn kan náà níbẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ti àkọ́kọ́. Àwọn agbẹ̀bí ni ó wà ní èkejì. Ní ọdún 1846, ìwé fi hàn pé obìnrin 4,010 ni ó bímọ ní ti àkọ́kọ́, 459 nínú wọn sì kú. Ní èkejì, 3,754 ni ó bímọ, 105 ni ó kú. Ìyẹn ni pé ní ibì kan, ó ju 11 lọ tí ó ń kú nínú 100. Ní ibì kejì, kò tó 3.

Dókítà Ignaz Semmelweis ni ó jókòó ti ìwé wọ̀nyí. Ó wá rí i pé láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wò ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá fọwọ́ kan àwọn aboyún. Ní ọdún 1847, ó pàṣẹ kí olúkúlùkù máa fi omi tí a po oògùn apakòkòrò mọ́ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan obìnrin kankan. Ikú náà sì rọlẹ̀ gidigidi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìtàn náà títí dé ibi tí mo bá a dé yìí. Apá kejì rẹ̀ ni wọn kì í sábà sọ. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1861, Semmelweis fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé méjèèjì ju èyí tí àkọsílẹ̀ fi hàn lọ. Kí ni ó fà á? Bí àìsàn bá wọ àwọn ìyálọ́mọ ilé àkọ́kọ́ lára, wọn a máa gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn yòókù. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀, orí ìwé wọ́ọ̀dù yẹn ni ikú wọn ń lọ. Ìwé ilé ìgbẹ̀bí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Kò sí ẹni tí ó kọ irọ́ síbẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ni ó jẹ́ òótọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ àròpọ̀ wọn ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìdí nìyí tí olùwádìí kò fi gbọdọ̀ béèrè pé “èló ni?” nìkan. Ó gbọ́dọ̀ tún béèrè pé, “Àwọn wo ni ẹ kò kà?”

Inú mi máa ń dùn láti sọ fún yín pé nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí sókè. Florence Nightingale, ẹni tí gbogbo wa kọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, gbé fọ́ọ̀mù kan kalẹ̀ níwájú ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1860, pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa kọ ìwé wọn bákan náà. Ní 1863, nínú ìwé rẹ̀ lórí ilé ìwòsàn, ó ráhùn pé ekukáká ni òun fi lè rí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tí a lè fi wé òmíràn. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ yẹn ni a ṣì ń bá bọ̀.

NÍGBÀ TÍ OWÓ BÁ WỌ Ọ̀RỌ̀

Àṣìṣe pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni àṣìṣe àárẹ̀: nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ 80, ọwọ́ ń ro ó, ó sì kọ 6 níbi tí ó yẹ kí ó kọ 9. Irú èyí máa ń fì síhìn-ín, a sì máa fì sọ́hùn-ún. Èkejì ni àṣìṣe tí ó máa ń fì sí apá kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Èyí ni ó burú jù, nítorí bí ìwé ṣe ń pọ̀ sí i ni irọ́ náà ń lágbára sí i.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi èyí hàn wá. Láti ọdún 1983 ni ìjọba ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí san owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà fún ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí orúkọ àìsàn tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Àìsàn tí ó le, owó ńlá. Àìsàn kékeré, owó kékeré. Àwọn olùwádìí wá mú fáìlì 7,050 láti ilé ìwòsàn 239. Wọ́n tún àwọn fáìlì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwọn, wọ́n sì fi wé èyí tí ilé ìwòsàn ti kọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988: nínú fáìlì 100, bíi 21 ni ó ní àṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ nìkan ni, ìdajì àṣìṣe náà ìbá mú owó wọlé fún ilé ìwòsàn, ìdajì ìbá sì mú un jáde. Ṣùgbọ́n nínú àṣìṣe 100, bíi 62 ni ó ṣe ilé ìwòsàn lóore.

N kò sọ pé olè ni gbogbo wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí owó, ìyìn tàbí ìbáwí bá wà, ìka ọwọ́ a máa tẹ̀ sí apá ibẹ̀, nígbà mìíràn kí ẹni náà fúnra rẹ̀ má tilẹ̀ mọ̀.

ABẸ́RẸ́ TI WA ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní Nàìjíríà, bí a bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, a máa ń mú iye abẹ́rẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn kọ pé àwọn fún àwọn ọmọ, a ó sì fi iye ọmọ tí a rò pé ó wà ní àdúgbò pín in. Ẹ̀fọ́rí ti apá méjèèjì ni. Iye abẹ́rẹ́ ti kọjá ọwọ́ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Iye ọmọ sì jẹ́ ìṣirò tí a ń ṣe láti ara ìkànìyàn ọdún 2006, nígbà tí àwọn tí ó ń bímọ lónìí ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà ni ẹ ṣe lè rí ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ pé ọmọ 110 nínú 100 ni ó gba abẹ́rẹ́. Ibo ni ọmọ 10 yẹn ti wá?

Láàárín ọdún 2016 sí 2017, ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé rán ènìyàn láti ilé dé ilé káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n wo káàdì àwọn ọmọ tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé méjì, wọ́n sì bi àwọn ìyá wọn léèrè. Wọ́n rí i pé nínú ọmọ 100, 33 péré ni ó gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀ márùn-ún ní ìgbà mẹ́ta pé. Iye tí ìwé àwọn ilé ìwòsàn ń gbé jáde fi púpọ̀púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: ní 2017, wọ́n kéde pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni, wọ́n sì dá ibùdó kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan. Nínú ìwádìí ilé dé ilé tí wọ́n tún ṣe ní 2018, ó ti di 50 nínú 100.

Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Àrùn kò mọ ìwé kà. Bí ìwé bá sọ pé gbogbo ọmọ abúlé kan ti gba abẹ́rẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbé abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀ mọ́. Ní ìparí ọdún 2022, àrùn dìfítéríà, èyí tí ń dí ọmọ ní ọ̀fun títí kò fi ní lè mí, bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ó sì jà gan-an ní ọdún 2023, pàápàá ní Kánò. Abẹ́rẹ́ alápapọ̀ márùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ń dènà rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mú ni kò sì gba abẹ́rẹ́ náà pé.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìwádìí ilé dé ilé kò ní àléébù. Bí káàdì bá ti sọnù, ìyá ọmọ yóò máa fi orí rántí ni, orí a sì máa gbàgbé. Àwọn àgbà wa ní, “Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Ìwé jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ẹnu ìyá ọmọ jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì, káàdì jẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹ̀rí wọn ni a ní láti gbọ́ pa pọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YẸ ÌWÉ WÒ

Àwọn ayẹ̀wéwò máa ń wá sí dìsípẹ́ńsárì láti ìgbà dé ìgbà. Wọn kì í wá wo ògiri tàbí bẹ́ẹ̀dì. Wọn yóò ní kí a gbé rẹ́jísítà oṣù mẹ́ta sórí tábìlì, wọn yóò sì ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìwé ìròyìn oṣù sọ pé ọmọ 120 ni ó gba abẹ́rẹ́ kẹta, ṣùgbọ́n orúkọ 96 ni wọ́n kà nínú rẹ́jísítà. Wọn yóò fi 120 pín 96, yóò sì jẹ́ 80 nínú 100. A jẹ́ pé ìwé oṣù ti bu iyọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ 132 ni wọ́n kà, yóò jẹ́ 110 nínú 100. A jẹ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọn kò ròyìn.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè mú orúkọ bíi mélòó kan jáde láìṣà, kí wọ́n wá ilé àwọn ọmọ náà lọ, láti mọ̀ bóyá ọmọ náà wà láyé, àti bóyá ó gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ọ̀nà yìí ni a fi ń mú orúkọ tí kò ní ènìyàn. Wọ́n tún lè yí i padà: kí wọ́n wọ ilé kan ní àdúgbò, kí wọ́n rí ọmọ tí ó ní àpá abẹ́rẹ́ àti káàdì, kí wọ́n wá padà wá wo rẹ́jísítà bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a fi ń mú ènìyàn tí kò ní orúkọ. Láti ìwé sí ènìyàn, láti ènìyàn sí ìwé: ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Àwọn tí iṣẹ́ yìí ti mọ́ lára a tún máa fi ojú lásán mú irọ́. Mo ti rí ìwé ìròyìn ibì kan rí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, tí iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ jẹ́ 50 ní oṣù kìíní, 50 ní oṣù kejì, 60 ní ẹ̀kẹta, 60 ní ẹ̀kẹrin. Ọmọ ènìyàn kì í dé ní mẹ́wàá mẹ́wàá bí ọsàn tí wọ́n tò sórí àtẹ ní ọjà.

IBÀ TÀBÍ ARA GBÍGBÓNÁ?

Yàtọ̀ sí iye, orúkọ àìsàn pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ara ọmọ bá gbóná, a ó kọ “ibà” sílẹ̀, a ó sì fún un ní oògùn ibà. Ní 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí a bá fura sí wò kí a tó fún un ní oògùn ibà. Láti ìgbà tí àyẹ̀wò kíákíá, èyí tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ kán kékeré láti ìka, ti dé àwọn dìsípẹ́ńsárì, a ti rí i pé ọ̀pọ̀ ara gbígbóná kì í ṣe ibà rárá.

Olùwádìí tí ó bá mú ìwé ṣáájú 2010 àti ìwé lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì rí i pé “ibà” ti dínkù, kò gbọdọ̀ tíì máa jó. Bóyá ibà dínkù lóòótọ́. Bóyá ọ̀nà tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀ ni ó yí padà. Ó ní láti béèrè pé: ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò dé ibí yìí? Nínú àwọn tí a kọ “ibà” fún, àwọn mélòó ni a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò?

Orúkọ ènìyàn náà ń yọ wọ́n lẹ́nu, pàápàá láàárín àwa Yorùbá. Ọmọ kan náà ni a ń pè ní Àyìnkẹ́ nílé, ní Fúnmiláyọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ní Rachel ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó a máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba káàdì kí ó tó lọ sílé ọkọ, a sì tún fi orúkọ ọkọ gba òmíràn. Nínú ìwé, ó ti di ènìyàn méjì. Àwọn ìbejì wá ṣòdì kejì: bàbá kan, ìyá kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, àwọn méjì sì lè di ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá sì béèrè ọjọ́ orí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni yóò sọ pé 40, 50 tàbí 60. Ẹni 43 tàbí 57 kò wọ́pọ̀.

Ẹ wo bí àwọn kan ṣe ń borí èyí. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 1960 ni ibùdó ìforúkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti wà ní University College Hospital. Iṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni láti kó orúkọ jọ láti wọ́ọ̀dù, láti ilé àyẹ̀wò, láti inú ìwé àwọn tí ó kú, kí wọ́n tó fi wọ́n wé ara wọn, kí ẹni kan má baà di mẹ́ta, kí ẹni mẹ́ta má sì di ọ̀kan.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìwé ilé ìwòsàn kò mọ ẹni tí kò wá. Ọmọ tí ó kú sílé, aboyún tí ó bí sílé, ẹni tí ó ra oògùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọn kò sí nínú rẹ́jísítà wa. Bí ìwé wa bá tilẹ̀ tọ́ láìkù síbì kan, apá kan ìlú ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

KÍ NI Ẹ LÈ ṢE?

Àwọn kan yóò wí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé gbogbo ayé ni yóò wá máa ka àìsàn mi?” Rárá o. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, òfin ọdún 2023 lórí ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni sì tún fi ọwọ́ sí i. Olùwádìí tí ó fẹ́ lo ìwé ilé ìwòsàn ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí, níbi púpọ̀ ni wọ́n sì ń yọ orúkọ kúrò kí wọ́n tó gbé ìwé náà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ìmọ̀ràn mi rèé:

Èkíní, ẹ mú orúkọ kan ṣoṣo fún ọmọ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa lo ó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà, ẹ sọ fún wa, kí a lè so káàdì àtijọ́ mọ́ tuntun.

Èkejì, ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn ní kété tí ẹ bá ti bí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí ibi tí kò ní sọnù. Ọjọ́ orí ni a fi ń mọ abẹ́rẹ́ tí ó kàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ bí ẹ ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí òjò má pa á, kí àwọn ọmọ má fà á ya.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ wo ohun tí ó kọ. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kà, ẹ ní kí ó kà á sí yín létí. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn kí ẹ tó wá, tàbí tí a gbé yín lọ sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ̀. Ẹ rántí àwọn ìyálọ́mọ Vienna.

Ẹ̀kẹfà, bí àwọn ayẹ̀wéwò bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè káàdì ìdánimọ̀ wọn. Bí ó bá ti dá yín lójú, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí ọmọ kò bá gba abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe nítorí ìtìjú wí pé ó gbà. Ẹnu yín ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n wá gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún yín. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, ènìyàn kò sì tó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ 37 bá ni ó gba abẹ́rẹ́, ẹ kọ 37. Ẹ má kọ 50 nítorí pé ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ nìyẹn. 37 tí ó jẹ́ òótọ́ yóò mú kí wọ́n wá béèrè ibi tí àwọn 13 yòókù wà, wọ́n sì lè rí wọn. 50 tí ó jẹ́ irọ́ ti sin àwọn 13 náà mọ́ inú ìwé, kò sì sí ẹni tí yóò wá wọn lọ títí àrùn yóò fi rí wọn.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà ara.